Edgar Codd: Ẹni tó jẹ́ kí àkọsílẹ̀ lè ṣí kúrò lórí òkè láìsọ orúkọ ẹ̀ nù

Ọdún 1923 ni ìtàn Ìdànrè fi sọrí bí àwọn ará ìlú ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n wà títí dòní. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn dé òkè á ti rí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀: ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé ìwé tí wọ́n kọ́ ní 1896. Ilé yí padà, ọ̀nà yí padà, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi náà yí padà. Àmọ́ Ìdànrè ò yí orúkọ padà. Ọwá ṣì ni Ọwá. Ẹni tó ń wá ilé Lágbájá nígbà tí wọ́n wà lókè, tó tún wá béèrè ẹ̀ nísàlẹ̀, orúkọ kan náà ló máa dá, wọ́n á sì júwe ibẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, ọdún 1923 yẹn kan náà, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí erékùṣù olókùúta kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edgar Frank Codd lorúkọ ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ jà fún jọ ohun tí àwọn ará Ìdànrè ṣe: pé ibi tí wọ́n kó nǹkan sí lè yí padà, bí wọ́n ṣe tò ó náà lè yí padà, kí ẹni tó ń wá nǹkan ọ̀hún má sì ṣìnà.

Kì í ṣe ilé àti ọ̀nà ni Codd ń wí ní tiẹ̀. Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹnìkan bá wà ní Òde Ìdànrè lónìí tó gba owó lọ́dọ̀ oní-POS, tí fóònù ẹ̀ sì dún pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì, irú àtẹ tí Codd júwe ní 1970 ló sábà máa ń wà lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ báǹkì, ilé ìwòsàn, yunifásítì àti iléeṣẹ́ ìjọba káàkiri ayé, orí ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ohun tó sì jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní lè máa fún àkọsílẹ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ pọ̀ kó má gba àyè, kí wọ́n sì tún máa mú ọ̀nà tuntun wọlé nígbàkigbà tí wọ́n bá rí èyí tó dáa ju ti àná lọ, inú ìjà tí Codd jà ló ti fìdí múlẹ̀.

Ọmọ erékùṣù òkúta

Portland ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Fortuneswell ni abúlé tí wọ́n bí i sí. Òkúta ni Portland fi gbajúmọ̀, bíi Ìdànrè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òkúta tiwọn ò le tó ti Ìdànrè. Ó ṣeé gé, ó ṣeé gbẹ́, òun ni wọ́n kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's. Iṣẹ́ awọ ni bàbá Codd ń ṣe, tíṣà ni màmá ẹ̀. Ọmọ méje ni wọ́n bí, Edgar sì ni àbíkẹ́yìn.

Ọmọ náà mọ̀wé. Ó wọ Yunifásítì Oxford, ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò níbẹ̀ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Ló bá fi ìwé sílẹ̀, ó wọṣẹ́ ológun òfuurufú. Ọkọ̀ òfuurufú Sunderland ló ń wà, àwọn ọkọ̀ gìrìwò tó ń bà sórí omi, tí wọ́n fi ń ṣọ́ òkun. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Oxford lọ parí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ní 1948, ó kó ẹrù ẹ̀, ó di New York.

Kì í ṣe pé ó dé Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tẹ́ ẹní dè é o. Ó kọ́kọ́ ta aṣọ ọkùnrin ní ilé ìtajà Macy's. Ó ṣe tíṣà ìṣirò ní Tennessee. Ní 1949 ni iléeṣẹ́ IBM gbà á, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò fún àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀kan ṣoṣo máa ń gba odindi yàrá ńlá.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ òṣèlú lé e kúrò. Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy ń lọ tó ń bọ̀ nígbà yẹn, ó ń fẹ̀sùn kan àwọn èèyàn pé Kọ́múníìsì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tibẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí Codd nínú. Ní 1953, ó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí Ottawa ní Kánádà. Ìgbà tó di 1957 ló tó padà sí IBM. Ìwà tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n mọ́ títí ọjọ́ ayé ẹ̀ nìyẹn: tí nǹkan ò bá bá òun lára mu, kò ní dákẹ́.

Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tó tún padà sílé ìwé. Láti 1961 dé 1965, ó wà ní Yunifásítì Michigan, ó gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni IBM gbé e lọ sí ibùdó ìwádìí wọn ní San Jose, ní ìpínlẹ̀ California. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń to àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Kí ohun tí Codd ṣe tó lè yé èèyàn, ó yẹ kéèyàn mọ bí nǹkan ṣe rí kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà kòkó ṣàpẹẹrẹ, nítorí Ìdànrè ò ṣàjèjì sí kòkó.

Ká ní ẹnìkan ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá òun tọ́jú ìwé. Láyé ìgbà yẹn, bí igi ni wọ́n ṣe máa to àkọsílẹ̀ náà. Orúkọ àgbẹ̀ ni gbòǹgbò. Abẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa so àpò kòkó tó gbé wá mọ́. Abẹ́ àpò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa so ìwọ̀n, ọjọ́ àti owó mọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni IMS tí IBM ń tà nígbà náà. Iṣẹ́ ńlá sì ni o. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é láti fi tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹgbàágbèje irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ Apollo tó gbé èèyàn dé inú òṣùpá.

Tí ẹni tó ń ra kòkó bá béèrè pé mélòó ni àgbẹ̀ kan gbé wá, ìdáhùn á yá, nítorí bí wọ́n ṣe to igi náà nìyẹn. Àmọ́ tó bá béèrè pé ta ni àwọn tó gbé kòkó tí kò gbẹ dáadáa wá ní oṣù kẹwàá ńkọ́? Wàhálà dé. Ẹni tó kọ ètò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kó máa gun igi náà láti ẹ̀ka kan dé ìkejì, lọ́dọ̀ gbogbo àgbẹ̀, títí tó fi máa rí i.

Ìyẹn ṣì kéré. Tí ọ̀gá bá wá sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n tún ìwé náà tò, kí oṣù di gbòǹgbò, kí àgbẹ̀ wá sí abẹ́ oṣù, gbogbo ètò tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ ló máa dojú rú. Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń tọ̀, ọ̀nà yẹn ò sì sí mọ́. Ó dà bíi pé wọ́n kó Ìdànrè wá sísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń wá ẹbí ẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gun òkè lọ wò ó kó tó mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Codd rí i pé owó àti àkókò tó ń bá irú ìyẹn lọ ti pọ̀ jù. Ó sì rí ohun kan tó burú ju owó lọ: ẹni tó ni àkọsílẹ̀ ò lè bi í ní ìbéèrè fúnra ẹ̀. Àfi kó bẹ ẹni tó mọ ọ̀nà inú igi.

Àtẹ tí ò ní òkùn

Ní oṣù kẹfà, ọdún 1970, Codd tẹ ìwé kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìwé náà ò gùn, ìṣirò ló kún inú ẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọ ọjà máa kà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀ rọrùn.

Ó ní kí wọ́n gé gbogbo òkùn tó so nǹkan mọ́ra. Kí wọ́n to àkọsílẹ̀ sínú àtẹ lásán, ìlà tó dùbúlẹ̀ àti òpó tó dúró. Àtẹ kan fún àwọn àgbẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ, àdúgbò. Àtẹ kejì fún àwọn àpò kòkó: nọ́ńbà àgbẹ̀ tó gbé e wá, ọjọ́, ìwọ̀n, ipò kòkó. Nọ́ńbà àgbẹ̀ tó wà nínú àtẹ méjèèjì ló máa fi hàn pé tani ó ni kí ni. Kò sí gbòǹgbò, kò sí ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan kàn máa sọ ohun tó fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà ló máa wá ọ̀nà tó máa gbà rí i.

Lẹ́yìn náà, ó tún fi kún un pé kí wọ́n má máa kọ ohun kan náà sí ibi púpọ̀. Tí àgbẹ̀ kan bá gbé 300 àpò wá láàárín ọdún kan, kí ló dé tí wọ́n á kọ àdúgbò ẹ̀ lẹ́ẹ̀ 300? Ẹ̀ẹ̀kan tó o, nínú àtẹ àwọn àgbẹ̀. Tó bá kó lọ sí Àkúrẹ́ lọ́la, ojú kan ni wọ́n máa tún ṣe. Àbí kí wọ́n tún 299 ṣe kí wọ́n gbàgbé ọ̀kan, kí ìwé wá máa sọ pé ọkùnrin kan ń gbé ìlú méjì?

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú ìwé náà ni pé ohun tí èèyàn ń rí gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí bí ẹ̀rọ ṣe kó o pamọ́. Ẹ̀rọ lè kó o sí apá ọ̀tún tàbí òsì, ó lè tò ó bó ṣe wù ú, ó lè ká a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àtẹ tí èèyàn ń rí ò gbọdọ̀ yí padà nítorí ẹ̀.

Wòlíì nílé ara ẹ̀

Èèyàn á rò pé ijó ni IBM máa fi gba ọ̀rọ̀ yìí. Wọn ò jó. IMS ni wọ́n ń tà, IMS ló ń mú owó wọlé, àwọn oníbàárà ńlá ti fi iṣẹ́ wọn sórí ẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọn kan ní San Jose wá ń sọ fáyé pé ọ̀nà tí wọ́n ń tà ò dáa tó. Wòlíì kì í kúkú níyì nílé ara ẹ̀.

Codd ò sinmi. Ó ń kọ ìwé, ó ń bá àwọn oníbàárà IBM fúnra wọn sọ̀rọ̀. Ní 1974, wọ́n ṣe àríyànjiyàn ìta gbangba ní Michigan láàárín àwọn tó fara mọ́ Codd àti àwọn tó fara mọ́ Charles Bachman, ẹni tó ti gba ẹ̀bùn Turing lọ́dún tó ṣáájú fún ọ̀nà àtijọ́ yẹn. Àwọn alátakò ń sọ pé àtẹ Codd dára lórí bébà lóòótọ́, àmọ́ tó bá dórí ẹ̀rọ, ó máa falẹ̀ ju ìgbín lọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé jiyàn lé lórí nígbà yẹn ni, nítorí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ọ kó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nígbà tó yá, IBM gbé ẹgbẹ́ kan dìde ní San Jose pé kí wọ́n dán an wò. System R ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Kì í ṣe Codd ló darí ẹ̀. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Don Chamberlin àti Ray Boyce ti ṣe èdè ìbéèrè tí gbogbo ayé mọ̀ sí SQL lónìí. SQL kì í ṣe èdè tí Codd fẹ́. Ó ti ní tiẹ̀ tó júwe, ó sì ń ṣàròyé lórí àbùkù SQL fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun tún ṣiṣẹ́ lórí ètò kan tó pè ní Rendezvous, kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán béèrè ohun tó fẹ́, kí ẹ̀rọ sì máa bi í padà títí tí wọ́n á fi gbọ́ ara wọn yé.

Adìẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà. Nígbà tí IBM ń rò ó, àwọn ará ìta ti ka ohun tí Codd àti àwọn ará System R kọ jáde. Ní Yunifásítì Berkeley, Michael Stonebraker àti Eugene Wong bẹ̀rẹ̀ Ingres ní 1973. Larry Ellison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá iléeṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní 1977, nígbà tó fi máa di 1979 wọ́n ti ń ta Oracle. IBM tó ni ọmọ, ọdún 1981 ló tó gbé tiẹ̀ dé ọjà. DB2, èyí tó wá lórúkọ jù nínú ti IBM, ìgbà tó di 1983 ló tó jáde. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìwé Codd nìyẹn.

Ẹ̀bùn náà kúkú padà dé. Ní 1981, wọ́n fún Codd ní ẹ̀bùn Turing, èyí tó ga jù nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń di odindi

Níbo wá ni ìfúnpọ̀ àkọsílẹ̀ ti wọlé? Codd kọ́ ló dá a sílẹ̀. Claude Shannon ló fi ìṣirò júwe ní 1948 ibi tí èèyàn lè fún ọ̀rọ̀ pọ̀ dé. David Huffman, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, ló gbé ọ̀nà kan jáde ní 1952 tí ohun tó bá ń wáyé jù á fi ní àmì tó kúrú jù. Jacob Ziv àti Abraham Lempel ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ló tún fi ọ̀nà míì hàn ní 1977: tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde rí, má tún un kọ, kàn tọ́ka sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Ìfúnpọ̀ gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: odindi tí database máa dá padà ò gbọdọ̀ fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fún un. Tí wọ́n bá kọ ₦85,000 sílẹ̀, ₦85,000 ló gbọ́dọ̀ jáde. Aṣọ tí wọ́n ká sínú Ghana-must-go ni, kì í ṣe iṣu tí wọ́n lọ̀ di èlùbọ́.

Ẹ padà sínú àtẹ kòkó yẹn. Tí Òde Ìdànrè bá hàn nínú òpó àdúgbò lẹ́ẹ̀ 5,000, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó fún un ní nọ́ńbà 1, kó wá máa kọ 1 nìkan káàkiri. Nínú òpó ọjọ́, tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tẹ̀lé ọjọ́, ó lè kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó wá máa kọ iye ọjọ́ tó fi ju ti ìṣáájú lọ. Ọ̀rọ̀ gígùn tí gírédà kọ nípa kòkó náà, ọ̀nà Ziv àti Lempel ló bá a mu. Àmọ́ fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, wọ́n ti fún ìyẹn pọ̀ kó tó dé, tí wọ́n bá ní àwọn tún fẹ́ fún un, asán ni.

Ìyẹn ni pé kò sí ọ̀nà kan tó dáa fún gbogbo nǹkan. Òmíràn ń fún nǹkan pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó tú u. Òmíràn yá, ṣùgbọ́n ohun tó fún ò kéré tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa jù lónìí, ẹlòmíì á ṣe èyí tó jù ú lọ lọ́la. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ database fi ń ronú bí wọ́n ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀nà tí wọn ò tíì mọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Codd ti wúlò. Ká ní bí wọ́n ṣe ká àkọsílẹ̀ ni ẹni tó ń béèrè ń rí ni, ọjọ́ tí wọ́n bá yí ọ̀nà ìkáṣọ padà, gbogbo ètò báǹkì á dákú. Nítorí pé Codd ti fi ògiri sí àárín méjèèjì, wọ́n lè yí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri padà, kí ẹni tó wà níwájú má mọ̀ rárá.

PostgreSQL jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa. Database ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni àti iléeṣẹ́ káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́. Inú Postgres ló ti jáde, iṣẹ́ tí Stonebraker bẹ̀rẹ̀ ní 1986 lẹ́yìn Ingres. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan tó fi ń kó nǹkan pamọ́, kílóbáìtì 8 ni. Tí ìlà kan bá ti ń lọ ju bíi kílóbáìtì 2, á bẹ̀rẹ̀ sí í fún ohun gígùn inú ẹ̀ pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní láti ṣe é. Ní 2021, nínú ẹ̀dà 14, wọ́n fi ọ̀nà kejì kún un, LZ4, tó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ni àtẹ lè sọ pé òpó yìí ni kó lo LZ4, kí tọ̀hún máa lo ti tẹ́lẹ̀.

Wọn ò sì fọwọ́ kan ohun tó wà nílẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi ọ̀nà àtijọ́ fún pọ̀ wà bẹ́ẹ̀, èyí tuntun ló ń gba ọ̀nà tuntun, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé nínú òpó kan náà. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dá wọn mọ̀? Àmì kékeré kan wà lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fún pọ̀, bí ìgbà tí ìyá ẹrù so òwú pupa mọ́ àpò kan, tó so aláwọ̀ ewé mọ́ òmíràn, kí ẹni tó máa tú u mọ irú okùn tó wà nínú. Bítì méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àmì yẹn. Bítì méjì ò lè dá ju ọ̀nà mẹ́rin mọ̀ lọ. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń fún láyè.

Ewu wà níbẹ̀ tó yẹ kéèyàn mọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀nà kan fún àkọsílẹ̀ pọ̀, tó wá yọ ọ̀nà yẹn kúrò nínú ẹ̀rọ kó tó tú àkọsílẹ̀ náà, ó ti ti ilẹ̀kùn, ó sì ti ju kọ́kọ́rọ́ sódò. Àkọsílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè kà á mọ́. Ìdí nìyí tí fífi ọ̀nà tuntun kún un fi rọrùn ju yíyọ ti àtijọ́ lọ.

Òfin tó fi lélẹ̀

Nígbà tó fi máa di 1985, iléeṣẹ́ pọ̀ tó ń pariwo pé ọ̀nà Codd làwọn ń tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn fi ọ̀dà tuntun kun ilé àtijọ́ ni. Inú bí Codd. Ó kọ òfin jáde nínú ìwé ìròyìn Computerworld, òfin méjìlá lorúkọ tí wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́tàlá ni, nítorí orí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Òfin kẹjọ sọ ohun tó ti ń sọ láti 1970: tí wọ́n bá yí bí ẹ̀rọ ṣe kó nǹkan pamọ́ padà, ètò tí àwọn èèyàn ń lò ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ó ti kúrò ní IBM láàárín ìgbà yẹn. Òun àti Chris Date, ẹni tó ti ń bá a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fáyé tipẹ́, àti Sharon Weinberg, tó padà di ìyàwó ẹ̀, dá iléeṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn sílẹ̀. Kò jáwọ́ nínú ìjà. Ó gbà pé SQL ti ba apá kan iṣẹ́ òun jẹ́, nítorí ó gba kí ìlà kan náà jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àtẹ, ohun tí ìṣirò Codd ò fàyè gbà. Àwọn kan ń sọ pé ó ti le jù. Ayé gba SQL bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lò ó lọ.

Edgar Codd kú nílé ẹ̀ ní Florida ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ọdún 2003, ọkàn ẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún 79 ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ database fi orúkọ ẹ̀ sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá mú ohun tuntun wá nídìí iṣẹ́ náà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú ẹ̀, ní 2006, IBM gbé DB2 9 jáde, èyí tó ń wá ohun tó bá ń tún ara ẹ̀ jáde nínú ìlà àtẹ, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń fi àmì kúkúrú rọ́pò ẹ̀ káàkiri. Àtẹ tó gba àyè ńlá tẹ́lẹ̀ wá ń gba kékeré. Àwọn tó ń fi ìbéèrè SQL wọn ránṣẹ́ sínú ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní láti yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí wọ́n kọ. Iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ lọ́ra láti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní ẹ̀ yẹn, bí àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n ń wá ti kúrò níbi tó wà. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ò yí padà.